Ilé Orí Táyà

Ìlú tí ó bá wà ní oríta kì í sùn, bẹ́ẹ̀ gan-an ni Orè rí. Ẹni tí ó ń ti Èkó lọ sí Bìní yóò kan Orè; ẹni tí ó ń ti Oǹdó lọ sí Òkìtìpupa yóò gba Orè kọjá. Tírélà tí ó ru sìmẹ́ǹtì, ọkọ̀ tí ó kó màlúù láti Òkè Ọya, bọ́ọ̀sì elérò tí ó dojú kọ Oníṣà, gbogbo wọn ni í yà níbẹ̀ láti jẹun, láti ra ọsàn àti ọ̀gẹ̀dẹ̀, tàbí láti na ẹsẹ̀. Níbẹ̀ ni olú-ìlú Ìjọba Ìbílẹ̀ Òdìgbó wà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ìlú Òdìgbó fúnra rẹ̀ wà ní ojú ọ̀nà Oǹdó, tí kò sì jìnnà sí i. Àwọn àgbà kò tíì gbàgbé oṣù Ògún ọdún 1967, nígbà tí àwọn ọmọ ogun Biafra dé Orè, tí ogun sì gbóná níbẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí a fi ń fi ìjà Orè ṣe àpèjúwe ohun tí ó bá le. Ogun náà ti kásẹ̀ nílẹ̀ tipẹ́. Ariwo àwọn tí ń ta oúnjẹ ni ó gba ipò ariwo ìbọn. Nígbà tí Ìjọba Ìpínlẹ̀ Oǹdó kọ́ afárá ńlá sí oríta náà ní àsìkò Gómìnà Rotimi Akeredolu, àwọn kan rò pé ọkọ̀ yóò máa gba òkè kọjá lọ láìdúró mọ́. Ṣùgbọ́n ebi kò mọ afárá. Àwọn ọkọ̀ ṣì ń yà.

Ohun kan ni ó ń ba ìsinmi àwọn tí ó yà jẹ́, ooru ni. Ọkọ̀ tí a fi irin kọ́, tí a gbé kalẹ̀ sí ojú oòrùn láti àárọ̀, a máa gbóná bí ìkòkò tí a gbé ka orí àdògán. Bí ilẹ̀ bá tilẹ̀ ṣú, ooru tí ó ti wọ inú àga àti ìbùsùn kì í tètè jáde, pàápàá ní ilẹ̀ igbó bí ti Òdìgbó, níbi tí ọ̀rinrin pọ̀ nínú afẹ́fẹ́ tí òógùn kì í sì í fẹ́ gbẹ lára. Lóòótọ́, àwọn bọ́ọ̀sì gígùn tí ń rìn ní ọ̀nà yìí ní ẹ̀rọ amúlétutù. Ṣùgbọ́n ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ni ó ń yí ẹ̀rọ náà. Bí ẹ́ńjìnnì bá ti dákẹ́, òtútù ti parí nìyẹn. Ìdí rẹ̀ nìyí tí àwọn awakọ̀ tírélà fi ń tẹ́ ẹní sí abẹ́ ọkọ̀ wọn lóru, tí wọ́n ń fi ara wọn fún ẹ̀fọn. Awakọ̀ tí ó bá fi gbogbo òru pa ẹ̀fọn, ojú ọ̀nà ni yóò ti sùn ní ọjọ́ kejì, gbogbo ẹni tí ó sì ń gba ọ̀nà Bìní mọ ohun tí irú oorun bẹ́ẹ̀ ń dá sílẹ̀.

Bàbá awakọ̀ kan wà ní Òdìgbó tí ó mọ ooru yìí ju ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ. Ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ni ó fi wa bọ́ọ̀sì láàárín Èkó àti ìlà-oòrùn ilẹ̀ wa, kò sì sí kòtò kan ní ojú ọ̀nà náà tí kò mọ ọjọ́ orí rẹ̀. Nígbà tí ó fẹ̀yìn tì, ó ra ọ̀kan nínú àwọn ọkọ̀ tí ó ti gbó, bọ́ọ̀sì onímítà mẹ́wàá kan tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ wà níwájú. Ó tú gbogbo àga inú rẹ̀ dànù, ó kan ibùsùn sí ẹ̀yìn, ó gbé sítóòfù àti àgbá omi sí àárín, ó sì fi aṣọ dí ojú fèrèsé. Àwọn ará àdúgbò fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Wọ́n ní awakọ̀ kò mọ ilé gbé, ìyẹn ni ó ṣe sọ ọkọ̀ di ilé.

Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe eré rárá. Ní ọdún 2022, àrùn rọpárọsẹ̀ mú ìyàwó rẹ̀ ní apá òsì. Ìyá náà yè é, ọ̀rọ̀ sì padà sí ẹnu rẹ̀, ṣùgbọ́n apá kan kò ṣe é gbé dáadáa mọ́, ẹsẹ̀ sì ń wọ́. Àwọn oníṣègùn ní kí ó máa wá fún àyẹ̀wò àti ìfọwọ́ra ní ilé ìwòsàn ńlá kan ní Ìbàdàn, ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta mẹ́ta. Ọjọ́ méjì sí mẹ́ta ni wọ́n ń lò níbẹ̀ nígbà kọ̀ọ̀kan. Ilé ìtura tí owó wọn ká ní àtẹ̀gùn tí ìyá náà kò lè gùn. Èyí tí kò ní àtẹ̀gùn, owó wọn kò ká a. Nítorí náà ni bàbá ṣe sọ bọ́ọ̀sì di yàrá: ibùsùn rẹ̀ kò ga jù, ẹnu ọ̀nà rẹ̀ ní ọwọ́ irin tí ènìyàn lè dì mú, ilé ìgbẹ́ sì wà nítòsí. Ohun gbogbo bá ìyá lára mu àfi ooru. Kì í lè sùn. Bí ilẹ̀ bá mọ́, a máa dà bí ẹni tí ó fi gbogbo òru gbé ẹrù, àwọn tí ń fọwọ́ ra á fún un a sì máa sọ pé ara rẹ̀ kò gba iṣẹ́ náà bí ó ti yẹ.

Bàbá pinnu pé òun yóò fi ẹ̀rọ amúlétutù sí yàrá náà. Ó ti ní ẹ̀rọ amúnáwá kékeré kan tí ń mu bẹntiróòlù, èrò rẹ̀ sì ni pé kí wọ́n so ó mọ́ ẹ̀yìn ọkọ̀, nítòsí ibi tí orí ibùsùn wà. Ó mú ọkọ̀ náà lọ bá ọ̀dọ́mọkùnrin kan ní Orè tí ó ń ṣe iṣẹ́ iná àti firíìjì. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà yí ọkọ̀ ká lẹ́ẹ̀mejì, ó wo ibi tí bàbá fẹ́ kí ẹ̀rọ náà wà, ó sì mi orí.

"Ẹ má bínú, Bàbá. N kò lè ṣe irú iṣẹ́ yìí fún yín."

"Kí ló dé, ọmọ mi? Ṣé owó ni?"

"Kì í ṣe owó, sà. Èéfín tí yóò máa jáde lára jẹnẹrétọ̀ yìí, ẹ̀yin àti Màmá ni yóò máa fà á símú. Bí ẹ bá sùn, ẹ lè má jí."

"Èmi tí mo ti ń gbọ́ òórùn èéfín láti ìgbà tí wọn kò tíì bí ọ?"

"Èyí tí ẹ ń gbọ́ òórùn rẹ̀ kọ́ ni mo ń sọ, Bàbá. Èyí tí ń pa ènìyàn kò ní òórùn."

Òtítọ́ ni ó sọ. Nígbà tí epo bá jó nínú ẹ́ńjìnnì, afẹ́fẹ́ olóró kan a máa bá èéfín jáde, èyí tí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ń pè ní carbon monoxide. Kò ní àwọ̀, kò ní òórùn, kì í ta ènìyàn lójú. Bí ó bá wọ inú ẹ̀jẹ̀, a gba àyè tí ó yẹ kí èémí tútù gbà, ẹni tí ó sì ń sùn yóò kàn máa sùn wọra sí i ni. Kì í ṣe ìdílé kan tàbí méjì ni irú èéfín bẹ́ẹ̀ ti pa mọ́ inú ilé ní Nàìjíríà. Inú ọkọ̀ tí a ti ilẹ̀kùn àti fèrèsé rẹ̀ nítorí kí òtútù má baà jáde ni ó tún burú jù. Bàbá dákẹ́ fún ìgbà pípẹ́. Lẹ́yìn náà ni ó béèrè bí a ó ti ṣe é, ọ̀dọ́mọkùnrin náà sì na ìka sí òkè.

Ó yẹ kí a ṣàlàyé ohun tí ẹ̀rọ amúlétutù ń ṣe, nítorí ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ṣe ni ó ń ṣẹ̀dá òtútù. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ooru ni ó ń rù jáde. Ẹni tí ó bá dàgbà sí ilé tí àmù wà ní igun yàrá mọ̀ pé omi inú rẹ̀ a máa tutù láìsí iná kankan. Omi díẹ̀ a máa yọ jáde lára amọ̀, bí ó ti ń gbẹ, a máa gba ooru lọ́wọ́ omi tí ó kù nínú. Ohun olómi tí ó bá ń di afẹ́fẹ́ kò lè ṣe é láìgba ooru lọ́wọ́ ohun tí ó wà nítòsí rẹ̀. Ẹ̀rọ amúlétutù mọ àṣírí àmù yìí, ṣùgbọ́n kì í jẹ́ kí omi rẹ̀ ṣòfò. Gáàsì kan wà nínú páìpù bàbà rẹ̀. Ní apá tí ó wà nínú yàrá, ohun olómi náà a di afẹ́fẹ́, a sì gba ooru yàrá; ní apá tí ó wà níta, ẹ̀rọ tí ń fún un pọ̀ a tún sọ ọ́ di olómi, a sì tú ooru náà dà sí ìta. Yípoyípo ni ó ń lọ bẹ́ẹ̀. Ará Amẹ́ríkà kan tí ń jẹ́ Willis Carrier ni ó ṣe ètò irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ní ọdún 1902, fún ilé ìtẹ̀wé kan ní Brooklyn ní ìlú New York. Kì í ṣe nítorí ènìyàn ni wọ́n ṣe béèrè fún un. Ọ̀rinrin ni ó ń mú kí ìwé wọn máa fẹ̀ kí ó sì máa súnkì, tí àwọ̀ ìtẹ̀wé kò fi jókòó síbi tí ó yẹ. Ìwé ni a kọ́kọ́ fẹ́ẹ́ fún, kí a tó fẹ́ẹ́ fún ènìyàn.

Bí a ti ń rí iná láti ara oòrùn náà ní ìtàn tirẹ̀. Ní ọdún 1839, ọ̀dọ́mọkùnrin ará Faransé kan, Edmond Becquerel, ṣàkíyèsí pé ìmọ́lẹ̀ lè mú kí iná mànàmáná ṣàn. Ó di ọdún 1954 kí àwọn mẹ́ta kan ní ilé iṣẹ́ ìwádìí Bell ní Amẹ́ríkà, Chapin, Fuller àti Pearson, tó fi sílíkọ́ọ̀nù ṣe èyí tí ó wúlò. Nínú ìmọ́lẹ̀ ọgọ́rùn-ún tí ó bọ́ sí i lára, nǹkan bí mẹ́fà péré ni ó ń sọ di iná. Àwọn tí a ń tà lónìí ń sọ ohun tí ó lé ní ogún di iná, owó wọn sì ti wálẹ̀ ju bí ẹnikẹ́ni ti lè rò lọ ní ayé ìgbà náà. Sátẹ́láìtì ni a kọ́kọ́ ń fi wọ́n ṣe ọ̀ṣọ́ fún. Nísinsin yìí, ẹni tí ń gẹ irun ní Orè ní tirẹ̀ lórí páànù ṣọ́ọ̀bù.

Ìdí tí wọ́n fi pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ kò fara sin. Ilé iṣẹ́ ńlá tí ń fi gáàsì pèsè iná wà ní Omotosho, nítòsí Orè, ní ojú ọ̀nà Bìní. Ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 2007. Àwọn wáyà rẹ̀ ga, wọ́n tóbi, wọ́n sì ń ré kọjá lórí oko kókò lọ sí ọ̀nà jíjìn, nígbà tí ọ̀pọ̀ ìlú ní apá gúúsù Ìpínlẹ̀ Oǹdó wà nínú òkùnkùn fún ọdún púpọ̀. Ẹni tí ó ń gbé ẹ̀bá odò, tí ó ń fi itọ́ bọ́jú, ni ọ̀rọ̀ náà jọ. Nígbà tí Ìjọba Àpapọ̀ sì yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní ọjọ́ 29 oṣù Èbìbí ọdún 2023, tí jálá bẹntiróòlù kan kúrò ní iye tí kò tó 200 náírà tí ó sì bọ́ sí ohun tí ó lé ní 480 láàárín ọjọ́ díẹ̀, ẹni tí kò gba ti oòrùn tẹ́lẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí wo òkè.

Ọ̀dọ́mọkùnrin náà kò sáré ra nǹkan kan. Ó mú ìwé àti bírò, ó ní kí bàbá jókòó, ó sì bẹ̀rẹ̀ ìṣirò, nítorí pé ìṣirò ni ó ń ya iṣẹ́ yìí sọ́tọ̀ kúrò lára àtamọ́ àtamọ̀. Ìbéèrè rẹ̀ àkọ́kọ́ kò kan oòrùn rárá. Ó béèrè bí ooru ti ń wọlé. Páànù ọkọ̀ náà kò ní nǹkan kan nínú. Gíláàsì fèrèsé rẹ̀ sì pọ̀. Ó ní bí a bá fi ẹ̀rọ amúlétutù sínú irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀, bí ìgbà tí a ń pọn omi sínú ajádìí agbọ̀n ni. Nítorí náà, kí wọ́n kọ́kọ́ fi fóòmù líle tí ó nípọn tó ìka mẹ́ta sí abẹ́ òrùlé àti ara ògiri, kí wọ́n fi pákó fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bò ó, kí wọ́n dí ìdajì àwọn fèrèsé pa pátápátá, kí wọ́n sì gé yàrá ìbùsùn kúrò lára ìyókù ọkọ̀, kí ó má baà jẹ́ pé gbogbo mítà mẹ́wàá ni wọ́n ń mú tutù nítorí ènìyàn méjì. Yàrá náà gùn ní mítà mẹ́rin, ó sì fẹ̀ ní mítà méjì àbọ̀. Irú yàrá bẹ́ẹ̀, ẹ̀rọ tí agbára rẹ̀ jẹ́ ti ẹṣin kan tó o.

Ẹ̀rọ tí ó yàn ni èyí tí ń dín iyára ara rẹ̀ kù bí yàrá bá ti tutù. Àwọn ti àtijọ́ a máa kú, wọn a sì tún máa ta jí, nígbà tí wọ́n bá sì ń ta jí, wọn a gbé iná mì lẹ́ẹ̀kan náà ní ìlọ́po bí mélòó kan. Èyí a máa bẹ̀rẹ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́. Ní ìbẹ̀rẹ̀, a jẹ tó 800 wáàtì. Bí yàrá bá ti tutù tán, a lọ sílẹ̀ sí 300 tàbí 400. Bí a bá fi òru wákàtí mẹ́wàá ṣírò rẹ̀ ní 400, yúníìtì mẹ́rin ni, irú yúníìtì tí a ń kà lórí mítà iná ilé. Wákàtí mẹ́rin ní ọ̀sán, nígbà tí ooru le, yóò jẹ nǹkan bí méjì àbọ̀. Firíìjì kékeré yóò jẹ ọ̀kan, gílóòbù àti fáànù yóò jẹ ìdajì. Gbogbo rẹ̀ di mẹ́jọ ní ọjọ́ kan.

Níbo ni yúníìtì mẹ́jọ yóò ti wá? Ó gun òrùlé ọkọ̀ lọ, ó wọ̀n ọ́n, ó sì rí i pé pánẹ́ẹ̀lì mẹ́fà ni yóò gbà, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ wáàtì 550, bí a bá fi wọ́n dábùú ọkọ̀ tí a sì fi àyè sílẹ̀ fún àgbá omi. Gbogbo wọn jẹ́ wáàtì 3,300. Ní ilẹ̀ igbó yìí, bí ojú ọjọ́ bá dára, ohun tí oòrùn ń fúnni ní ọjọ́ kan tó ìwọ̀n wákàtí mẹ́rin tí ó mú ganrínganrín. Ìṣirò náà fi 13 hàn, ṣùgbọ́n eruku yóò mú tirẹ̀, wáyà yóò mú tirẹ̀, ooru pàápàá yóò sì mú tirẹ̀, nítorí pé ohun ìyanu kan wà nínú ọ̀rọ̀ pánẹ́ẹ̀lì: ìmọ́lẹ̀ oòrùn ni ó ń mú un ṣiṣẹ́, ooru oòrùn kan náà ni ó sì ń sọ ọ́ di ọ̀lẹ. Ohun tí yóò kù kò ju mẹ́wàá lọ. Mẹ́jọ nínú mẹ́wàá, ìṣirò náà jókòó. Ó yan bátìrì lítíọ́ọ̀mù méjì, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan gba yúníìtì márùn-ún díẹ̀ lé, kí òru má baà ká wọn mọ́.

"Bí òjò bá wá ń rọ̀ ní oṣù Agẹmọ ńkọ́?" bàbá béèrè.

"Ó lè di márùn-ún, sà. Ó tilẹ̀ lè má tó bẹ́ẹ̀. Ẹ ó pa nǹkan kan."

Ìdáhùn náà tẹ́ bàbá lọ́rùn, nítorí pé ẹni tí ó ti wa ọkọ̀ fún ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n kì í gba ẹni tí ó bá ní ọkọ̀ òun kì í bàjẹ́ gbọ́.

Ọ̀rọ̀ owó ni ó kù. Àkọ́bí bàbá, tí ó ń gbé ní Àkúrẹ́, fárí gá. Ó ní, "Bàbá, ẹ ó wá lọ kó irú owó báyìí lé orí bọ́ọ̀sì àlòkù? Ẹ jẹ́ kí a fi kún ilé." Bàbá fèsì pé ilé kì í gbé ìyá rẹ̀ dé Ìbàdàn. Kókò ni ó kó bàbá yọ. Ó ní oko díẹ̀ ní Òdìgbó, èyí tí ó jogún, tí kò sì fi bẹ́ẹ̀ náání nígbà tí ó ń wakọ̀. Ní ọdún 2024, nígbà tí tọ́ọ̀nù kókò kan kọjá 10,000 dọ́là ní ọjà àgbáyé, àwọn tí kò náání oko bàbá wọn rántí ọ̀nà ibẹ̀. Èrè ọdún náà ni bàbá fi ra ohun gbogbo. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2025 ni iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀.

Wẹ́dà ni ó kọ́kọ́ ṣiṣẹ́. Ó jó irin mọ́ orí òrùlé, ó sì gbé àwọn pánẹ́ẹ̀lì sókè díẹ̀ kúrò lára páànù, kí afẹ́fẹ́ lè máa gba abẹ́ wọn kọjá. Àǹfààní méjì ni ó wà nínú èyí: pánẹ́ẹ̀lì kò ní gbóná jù, òrùlé yóò sì wà ní abẹ́ ibòji wọn láti àárọ̀ dé alẹ́. Ní ilẹ̀ àwọn òyìnbó, wọ́n ní láti dẹ pánẹ́ẹ̀lì sí ẹ̀gbẹ́ kan kí ó lè kọjú sí oòrùn tí kì í gòkè. Ní Orè, oòrùn a máa dúró sí àtàrí ènìyàn, nítorí náà ó tó kí a tẹ́ wọn pẹrẹsẹ. Àbùkù kan ni ó ní. Ewé àti eruku kì í yọ̀ kúrò lára ohun tí ó tẹ́jú, àfi kí a fi omi àti kànìnkànìn fọ̀ ọ́.

Apá tí ó wà níta ni ó gba ọgbọ́n jù lọ. Ilé ni wọ́n ṣe ẹ̀rọ náà fún, ilé kì í sì í kó sínú kòtò. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà gbé e kọ́ sí ẹ̀yìn ọkọ̀ lórí irin, ó fi rọ́bà tí ó nípọn sí abẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kí ìgbọ̀n má baà dé inú rẹ̀. Páìpù bàbà tí ó so apá méjèèjì pọ̀, kò nà án tààrà. Ó ká a bí ìgbà tí ejò ká, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo, kí ó lè máa na ara rẹ̀ bí ọkọ̀ ti ń mì, kí ó má ṣe já ní oríkèé. Kí ó tó tú gáàsì sílẹ̀, ó fi ẹ̀rọ fa gbogbo afẹ́fẹ́ àti ọ̀rinrin inú páìpù jáde fún ìdajì wákàtí. Àwọn kan lára àwọn tí ń ṣe iṣẹ́ yìí a máa fo apá yìí, nítorí pé oníbàárà kò lè fi ojú rí i. Ẹ̀rọ wọn a sì máa kú kí ọdún tó yí po. Ó de àwọn bátìrì mọ́lẹ̀ pẹ̀lú irin nínú àpótí ẹrù, ó fi fíúùsì ńlá sí ẹnu wáyà wọn, ó sì kọ́ bàbá bí yóò ti pa gbogbo rẹ̀ pẹ̀lú ọwọ́ kan bí ewu bá dé. Iṣẹ́ náà gbà á ní ọjọ́ mẹ́sàn-án.

Ohun kan ṣẹlẹ̀ ní ìrìn-àjò àkọ́kọ́. Ibi tí wọ́n gbé ọkọ̀ kalẹ̀ sí ní Ìbàdàn dagun díẹ̀. Omi tí ẹ̀rọ amúlétutù ń fà jáde nínú afẹ́fẹ́ kò rí ọ̀nà rẹ̀ gbà, ó padà sẹ́yìn, ó sì ń kán sí orí ìyá láti ọ̀gànjọ́ òru. Ìyá rẹ́rìn-ín, ó ní ó pẹ́ tí òjò ti pa òun nínú ilé kẹ́yìn. Bàbá jáde pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì, ó wa ọkọ̀ gun orí pákó kan ní ẹ̀gbẹ́ òsì, omi náà sì dúró. Láti ìgbà náà, kí ó tó pa ẹ́ńjìnnì níbikíbi, a kọ́kọ́ gbé ife omi sí orí tábìlì láti wò bóyá ilẹ̀ náà tẹ́.

Ẹ̀kọ́ kejì le ju èyí lọ fún awakọ̀ àtijọ́. Gbogbo ìgbà tí ó fi wakọ̀ ni ó fi ń wá ibòji igi láti dúró sí. Nísinsin yìí, bí ibòji ẹ̀ka igi kan ṣoṣo bá bọ́ sí ara pánẹ́ẹ̀lì kan, iná tí ó ń wá láti ara gbogbo àwọn tí ó so pọ̀ mọ́ ọn a máa rọ̀. Ó ní láti gbé ọkọ̀ sí àárín oòrùn tí gbogbo ènìyàn ń sá fún. Àwọn awakọ̀ mìíràn ní Orè rí bọ́ọ̀sì náà ní gbangba ní ọ̀sán gangan, tí àwọn tiwọn kún abẹ́ igi, wọ́n sì rò pé orí bàbá kò pé. Ìgbà tí ọ̀kan nínú wọn kan ilẹ̀kùn láti kìlọ̀ fún un ni afẹ́fẹ́ tútù lù ú lójú.

Ìyá ń sùn. Èyí ni ohun tí bàbá ń sọ fún ẹnikẹ́ni tí ó bá béèrè bí ẹ̀rọ náà ti ń ṣe, kì í dárúkọ wáàtì. Àwọn tí ń fọwọ́ ra apá rẹ̀ ní Ìbàdàn sọ pé ara rẹ̀ ti ń gba iṣẹ́ sí i. Ó lè di ife mú báyìí, bí kò bá wúwo.

Oṣù Agẹmọ dé, òjò sì fi ọjọ́ mẹ́ta rọ̀ láìdá. Ní alẹ́ ọjọ́ kejì, ojú ínfátà fi hàn pé ohun tí ó kù nínú bátìrì kò tó ìdá mẹ́ta. Bàbá ń ka nǹkan tí ó lè pa: firíìjì ni, tàbí fáànù. Ìyá gbọ́ ọ láti orí ibùsùn.

"Bàbá ọmọ mi, ẹ pa ẹ̀rọ òtútù yẹn. Òjò ti mú gbogbo ayé tutù fún wa. Ẹ ṣí fèrèsé."

Bàbá ṣí i. Ìyá ni ó tọ̀nà: ọjọ́ tí oòrùn bá fi ara pamọ́, ooru rẹ̀ a bá a lọ pẹ̀lú. Bátìrì náà lo ọjọ́ tí ó kù láìwọ̀ ọ́n lọ́rùn.

Ọ̀dọ́mọkùnrin náà kò ráyè mọ́ láti ìgbà náà. Awakọ̀ tírélà kan tọ̀ ọ́ wá ní Orè, ó ní òun náà fẹ́ irú ti bàbá. Ó gun orí tírélà náà, ó fi téèpù wọn òrùlé ibi tí awakọ̀ ń sùn sí, pánẹ́ẹ̀lì kan ṣoṣo ni ó gbà. Ó sọ òtítọ́ fún un pé yúníìtì tí yóò ti ibẹ̀ wá kò lè pé méjì ní ọjọ́ kan, kò sì lè gbé ẹ̀rọ amúlétutù di ilẹ̀ mọ́. Yóò gbé fáànù méjì, gílóòbù, àti fóònù, bẹ́ẹ̀ ni a lè fi nẹ́ẹ̀tì sí ojú fèrèsé kí ó lè máa ṣí i sílẹ̀ lóru láìsí ẹ̀fọn. Awakọ̀ náà ro ó, ó wo ẹní tí ó ká sí abẹ́ ọkọ̀ rẹ̀.

"Ẹ bá mi ṣe ti fáànù yẹn, ọ̀gá. Èló ni nẹ́ẹ̀tì náà?"